Ọmọ Ni Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Gba Ilé

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. N kò ní bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rí ọ̀rọ̀ ilé yíyá ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, mo fẹ́ yí òwe náà po díẹ̀: ẹni tó bá ń kó ẹbí lọ sí àdúgbò tuntun, ọmọ ni kó wò kó tó gba ilé. Bó bá kọ́kọ́ wo ilé, tó sanwó tán, kó tó wá rántí pé àwọn ọmọ yóò lọ sí ilé-ìwé, ìyà ló fi owó àpò ara rẹ̀ rà fún wọn yẹn.

Ẹ̀yin bàbá ilé ni mo ń bá wí. Bí inú bá bí yín, ẹ jẹ́ kó bí yín, kí ẹ ṣáà kà á dé òpin. Báwo la ti ń wá ilé? Ẹ́jẹ́ntì á pe bàbá pé ilé kan ti wà o. Ọ̀sán Sátidé ni wọn á lọ wò ó, nígbà tí ọ̀nà dá, tí ilé-ìwé ti pa, tí àdúgbò parọ́rọ́. Bàbá á wọlé, á tan iná, iná á tàn. Á ṣí omi, omi á yọ. Táìsì ń dán, ọkọ̀ méjì gba inú ọgbà. Ẹ́jẹ́ntì á ní, “Ọ̀gá, ẹnìkan ń bọ̀ wá sanwó rẹ̀ lọ́la o, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.” Ó parí! Bàbá ti sáré lọ sí báǹkì. Bí ìyàwó bá wá bi í pé níbo làwọn ọmọ yóò ti máa kàwé, èsì ni pé, “Ṣé ilé-ìwé ló wá wọ́n? A ó rí ọ̀kan.” Ẹ gbọ́ o: a ó rí ọ̀kan! Bí ẹni pé ìṣáná la fẹ́ rà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí èso “a ó rí ọ̀kan,” kó jí ní aago márùn-ún ìdájí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó lọ dúró ní Mọ̀wé tàbí Ìbafo, létí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ibẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, Èkó náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ti ń kàwé. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń ṣe ti mú mi gba ọ̀nà náà láìmọye ìgbà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọmọ ọdún méje, ọdún mẹ́jọ, ti wọ yunifọ́ọ̀mù, tó gbé báàgì ìwé kọ́ ẹ̀yìn, tó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń sá tẹ̀ lé dáńfó. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ń sùn, tí orí wọn ń gbá gíláàsì fèrèsé, títí wọn á fi dé Berger tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ lọ́nà Ìkòròdú, kò sí lọ́nà Àjáh, kò sí lọ́nà Badagry. Ẹ wá lọ bi àwọn tíṣà léèrè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe ní kíláàsì. Aago mọ́kànlá kì í lù tán tí yóò ti gbé orí lé tábìlì. Bó bá mú ipò ìkẹyìn wálé, bàbá á ní olódo ni. Olódo kọ́ o, oorun ló ń kùn ún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí àwa ọkùnrin gbà pé a mọ ìṣirò. Ká ní ọmọ ń lo wákàtí méjì lọ, tó ń lo wákàtí méjì bọ̀. Wákàtí 4 lójúmọ́ nìyẹn, 20 lọ́sẹ̀. Bí táàmù kan bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, ó di wákàtí 260. Táàmù mẹ́ta lọ́dún, ó di 780. Bí a bá ka ọjọ́ ilé-ìwé kan sí wákàtí 6, wákàtí 780 yìí jẹ́ ọjọ́ ilé-ìwé 130. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ tí ọmọ náà fi lọ sí ilé-ìwé láàárín ọdún kò ju 195 lọ. Ìyẹn ni pé ó tún ń lo ìdá méjì nínú mẹ́ta ọdún ilé-ìwé mìíràn nínú ọkọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ́ ọ ní ohunkóhun, àfi èébú tí awakọ̀ àti kọ̀ǹdọ́ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ẹlòmíràn á ní, “Akọ̀wé, owó ló lé wa débẹ̀.” Mo gbọ́. N kò fi àìlówó ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà mọ bí owó ilé ti ń gun òkè ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ ro owó ọkọ̀ mọ́ owó ilé kí ẹ tó sọ pé ilé kan dínwó. Ká ní ₦1,000 ni ọmọ kan fi ń wọkọ̀ lọ àti bọ̀. Ọmọ mẹ́ta, ₦3,000 lójúmọ́. Ọjọ́ márùn-ún, ₦15,000. Ọ̀sẹ̀ 39, ₦585,000. Ẹ fi ìyẹn kún owó ilé tí ẹ ní kò wọ́n, kí ẹ wá sọ iye tó kù fún mi. Yàrá méjì tó há díẹ̀, tó wà nítòsí ilé-ìwé, lè gbowó ju yàrá mẹ́ta tó wà lókèèrè lọ, síbẹ̀ kó jẹ́ òun gan-an ló dínwó. Owó ọkọ̀ jẹ́ owó ilé tí láńlọ́ọ̀dù kò kọ sínú rìsíìtì.

Kí ẹ má sì ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé Mọ̀wé tàbí Ìkòròdú. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tó bá gbé Mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ kàwé ní Mọ̀wé. Bí kò bá sí ilé-ìwé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn níbẹ̀, a jẹ́ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kó gbé ní àkókò tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Ohun tí kò bójú mu ni kí á kó ẹrù sí ìpínlẹ̀ kan, kí á fi ìwé ọmọ sílẹ̀ sí ìpínlẹ̀ kejì, kí á wá sọ ọmọ ọdún mẹ́jọ di onírìnàjò.

Àwọn kan ń sọ pé, “Ilé-ìwé wọn àtijọ́ dára, n kò fẹ́ yọ wọ́n.” Ó dára, ẹ wá ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ wọ́n pátápátá, kí ẹ sì yọ wọ́n lásìkò. Ọlidé gígùn, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ni àkókò tó yẹ kí olọ́mọ kó ẹrù, kì í ṣe àárín táàmù. Èyí tó bá sì ti wọ SS 3, tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí WAEC, ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣe ìdánwò rẹ̀ tán níbi tó wà. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí kan tí yóò gbà á sílé fún oṣù mélòó kan.

Àwọn mìíràn ní ibi iṣẹ́ àwọn làwọn fẹ́ sún mọ́. Bàbá ẹyọ kan, ọmọ mẹ́ta: ta ló yẹ kó rìn jìnnà? Àgbàlagbà lè dúró nínú ọkọ̀ BRT, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti ń kó èrò láti Agbádó sí Òyìngbò láti 2024. Bó bá pẹ́ dé ilé, oúnjẹ rẹ̀ wà nínú fúláàsì. Ọmọ tó bá wọlé ní aago méje alẹ́, ta ni yóò bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá? Bí ẹnìkan nínú ilé yóò bá jẹ ìyà ọ̀nà, ẹni tí irùngbọ̀n ti hù ni kó jẹ ẹ́.

Àwọn tó wá ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń yá orúkọ àdúgbò, tí kì í ṣe ilé. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé Lẹ́kìí làwọn ń gbé. Owó ilé á gbé gbogbo owó wọn mì, kò ní ku nǹkan kan fún owó ilé-ìwé gidi, ti ìjọba sì jìnnà. Kí ni wọn á ṣe? Wọn á fi ọmọ sí ilé-ìwé tó wà nínú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, tí wọ́n ya Mickey Mouse sí ara ògiri rẹ̀, tí kò ní pápá, tí kò ní yàrá ìwé kíkà. Orúkọ àdúgbò kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò o!

Ìjọba náà kò ní bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, wọ́n mọ̀ pé ọ̀fẹ́ kò ní ìtumọ̀ bí ilé-ìwé bá jìnnà sí ọmọ. Wọ́n kọ́ ọ dé abúlé. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè jẹ́ gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ó fòpin sí ètò tí àwọn kan fi ń lọ láàárọ̀, tí àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Àwọn ẹlẹ́gàn pe ilé-ìwé tó kọ́ ní ilé adìẹ, ṣùgbọ́n inú ilé adìẹ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti mọ̀wé. Lónìí, òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan. Ẹ wá lọ wo àwọn àdúgbò tuntun: ilé epo wà, hòtẹ́ẹ̀lì wà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wà, gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n ti tà tán, ilé-ìwé ìjọba kò sí. Ó yẹ ká pariwo lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbọ́, ọmọ yín ti lè dàgbà. Ẹ yan ilé bí ẹni tó mọ̀ pé ìjọba kò ní tètè dé.

Ẹ̀yin onílé ńkọ́? Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Síbẹ̀, ọdún méjì ni ẹlòmíràn ń bèèrè. Olọ́mọ tó bá san ọdún méjì ti so ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ilé-ìwé àdúgbò náà bá já sí òfo, kò ní lè ṣí kúrò. Onílé mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, “Ọmọ mélòó lẹ ní?” Ẹni tó bá ń ka ọmọ bí ẹni ń ka gbèsè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Ó dára, kí ni ká ṣe? Ẹ wá ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí agbára yín ká. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ bi ọ̀gá ibẹ̀ bóyá àyè wà ní kíláàsì tí ọmọ yín fẹ́ wọ̀. Ẹ ka iye ọmọ tó wà níwájú tíṣà kan, ẹ sì wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ìgbà náà ni kí ẹ pe ẹ́jẹ́ntì, kí ẹ sọ fún un pé ibi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé yìí lẹ fẹ́. Ẹ má lọ wo ilé lọ́sàn-án Sátidé mọ́. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni kí ẹ lọ, bó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà òjò, kí ẹ rí ibi tí omi ń dúró sí. Ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé náà dé ilé-ìwé. Bí títì ńlá bá wà láàárín, ṣé afárá tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà wà níbẹ̀? Ẹ bi ìyá oníẹ̀wà, ẹ bi àwọn ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù pé aago mélòó ni wọ́n kúrò nílé. Wọn ò ní gba kọmíṣàn lọ́wọ́ yín, wọn ò ní purọ́ fún yín.

Kí ẹ sì mú ìyá àwọn ọmọ dání. Òun ló ń jí ṣáájú gbogbo ilé, òun ló ń gbé omi kaná, òun ló mọ èyí tí ikọ́-fée ń dà láàmú nínú àwọn ọmọ, tí kò lè dúró nínú èéfín ọkọ̀. Bó bá wo ilé tán tó ní ibẹ̀ jìnnà jù, ẹ má sọ pé obìnrin kò mọ ohun tó dára.

Táìsì á gbó, ọ̀dà á ṣí, onílé á fi owó kún owó. Ọdún tí ọmọ fi wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní padà wá. Ilé tí ọmọ lè ti ilé-ìwé dé, kó jẹun, kó ṣeré díẹ̀, kó kàwé kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé gidi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ yàrá kan àti pálọ̀.