Ẹ Má Kun Ọ̀dà Lé Ebu Lórí

Àsìkò ọ̀dà tún ti dé. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni àwọn ilé ìtajà ohun èlò ilé káàkiri London ti máa ń kún fún àwọn èèyàn wa: ọkọ ń ti kẹ̀kẹ́ ìrajà, ìyàwó ń yan àwọ̀, ike ọ̀dà funfun ńlá wà níwájú wọn. Kérésì ń bọ̀, ìkómọ ń bọ̀, màmá ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá tọ́jú ọmọ tuntun, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí àlejò bá ògiri òun ní ìdọ̀tí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ohun tí púpọ̀ nínú wa ń fi ọ̀dà yẹn bò mọ́lẹ̀.

Nílé, ọgbọ́n wà nínú kíkun ilé lápá ìparí ọdún. Tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, òjò á ti dáwọ́ dúró, oòrùn á ti lá omi ara ògiri, ọyẹ́ á sì wá gbẹ ìyókù. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn lásìkò yẹn á mú ṣinṣin. Àṣà yẹn la gbé wọ bàálù wá síbí, a ò sì rò ó wò pé ojú ọjọ́ ti yí padà lẹ́yìn wa. Ìgbà ìwọ́wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìparí òjò. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rinrin ni. Ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago á fà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú kí àwọn ọmọ tó jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, gbogbo fèrèsé á sì tì pa títí di oṣù kẹta. Aṣọ tí a ń sá síta tẹ́lẹ̀ á bọ́ sórí hítà. Oṣù tó dára jù láti kun ilé ní Òṣogbo ni oṣù tí ògiri London ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi.

Ibi tí omi náà ti ń wá ni kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Afẹ́fẹ́ tó móoru máa ń gbé omi lọ́wọ́ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Ooru ìkòkò, ooru omi ìwẹ̀, ọ̀rinrin aṣọ tó wà lórí hítà, títí kan èémí àwa fúnra wa lóru, gbogbo rẹ̀ ló ń para pọ̀ di omi tí ojú kò rí nínú yàrá. Bó bá ti kan ògiri tí òtútù ìta ti mú, omi náà á yọ síta, bí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì ṣe máa ń làágùn. Igun yàrá tó kọjú síta, abẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí afẹ́fẹ́ kì í dé, ibẹ̀ ni ebu dúdú ti ń fìdí múlẹ̀.

Mo wọ fúláàtì kan ní Thamesmead nígbà ìwọ́wé tó kọjá. Ọ̀dà yàrá àwọn ọmọ funfun nini, ìyá ilé sì fi hàn mí tayọ̀tayọ̀. Wáyà kan ló já sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó mú kí a fa kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lára ògiri. Ọ̀dà tí wọ́n kùn nígbà ooru ti wú, ó ti ń bó, ebu dúdú wínníwínní sì ti gba abẹ́ rẹ̀ yọ láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí èèyàn. Ẹ̀yìn pákó kọ́bọ́ọ̀dù náà ti hu irun. Gèlè àti aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rá nísàlẹ̀, wọ́n ti bu, òórùn wọn sì gba gbogbo yàrá kan nígbà tó tú àpò náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń sùn níbẹ̀ ti ń fa ìnhélà nítorí ikọ́ fée. Ó ní òun ti ń fẹjọ́ sun onílé tipẹ́, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ fún òun ni pé kí òun máa ṣí fèrèsé.

Ebu ohun alààyè ni. Omi ló ń mu, lẹ́ẹ̀ tó wà nínú ọ̀dà àti bébà ara ògiri ló sì ń jẹ. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé e lórí láìwá ojúutù sí omi náà ti fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó ti ná owó sórí oúnjẹ ebu.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi nǹkan kékeré pe nǹkan ńlá. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2020, nílùú Rochdale ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì ni. Ọmọ Sudan làwọn òbí rẹ̀, fúláàtì oníyàrá kan ni wọ́n sì ń gbé lábẹ́ àjọ tó ń háyà ilé fún àwọn tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Ebu ti gba ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wọn. Ọdún 2017, kí wọ́n tó bí ọmọ náà rárá, ni bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi tó àjọ náà létí. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un ni pé kó fi ọ̀dà kun ún. Ó kun ọ̀dà. Ebu padà wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Joanne Kearsley, ẹni tí òfin yàn láti wádìí ikú náà, sọ ìdájọ́ rẹ̀ ní gbangba: ebu tí ọmọ náà ń fà símú láti ọjọ́ pípẹ́ nínú ilé yẹn ló ba ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́ títí tó fi kú.

Ohun mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ Rochdale tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àjọ náà gbà lẹ́yìn ìwádìí pé àwọn ti ro èrò tí kò tọ́ nípa bí ìdílé náà ṣe ń gbé ilé. Ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n fi ń kan àwa náà. Wọ́n á ní a ń ro àmàlà jù, a ń se ẹran pẹ́ jù, màmá tó wá láti ilé ń gbé omi gbígbóná wọ yàrá wẹ ọmọ láàárọ̀ lálẹ́. Mo kọ ẹ̀sùn yẹn pátápátá. Wọ́n kọ́ ilé kí èèyàn lè dáná, kó wẹ̀, kó mí nínú rẹ̀ ni. Fáànù tó yẹ kó máa fa ooru jáde ní ilé ìdáná, bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀bi rẹ̀ kò sí lọ́rùn ẹni tó ń se ọbẹ̀. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù onílé ló ń mú kí púpọ̀ nínú wa gba ẹ̀bi yìí sọ́rùn, ká sì sáré lọ ra ọ̀dà.

Àmọ́ o, iṣẹ́ wà tí a lè fọwọ́ ara wa ṣe, pàápàá ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀ tàbí tó ní ọgbà díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìta ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ewé tó ń wọ́ lákòókò yìí máa ń dí gọ́tà òrùlé; bí gọ́tà bá sì dí, omi òjò á máa ṣàn gba ara ògiri, á sì wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín kó o ní oṣù kọkànlá, nígbà tí igi bá ti wọ́wé tán. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ ògiri. Àwọn tó kọ́ ilé fi ìlà kan sísàlẹ̀ ògiri tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè, ó sì yẹ kí ilẹ̀ ọgbà rẹlẹ̀ sí ìlà yẹn ní nǹkan bí mìlímítà 150. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ ògiri fún ata àti ẹ̀fọ́, torí ibẹ̀ ló móoru jù nínú ọgbà òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ilẹ̀pẹ̀ jọ ga ju ìlà náà lọ, tàbí tí ẹ fi ìkòkò òdòdó dí bíríkì oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ abẹ́ ilé, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún omi. Ẹ fa ilẹ̀pẹ̀ náà sẹ́yìn.

Ti igi inú ilé náà tún wà ńbẹ̀. Ewúro, ẹfinrin àti ata rodo tó ti ń gbádùn oòrùn láti oṣù karùn-ún kò lè fara da yìnyín, a sì gbọ́dọ̀ gbé wọn wọlé kí òtútù òru tó bọ́ sísàlẹ̀ 10 lórí ìwọ̀n Celsius. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ewúro lójú fèrèsé ní Peckham, tí ìyá ilé ń já a díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi tún móoru. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ bá bu sí ìdí igi, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ láti ojú ewé. Igi mẹ́ta kò ní ba ilé jẹ́. Ogún igi nínú yàrá kékeré tó ti ní ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀, wàhálà ni. Lákòókò òtútù, igi kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà, nítorí náà ẹ dín omi kù, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀pẹ̀ kí ẹ tó bomi sí i. Ọjá ìkookò, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi nílé ìtajà òdòdó níbí, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti wá, lè pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmu omi rárá. Òun ni mo máa ń gba àwọn tó ń gbé fúláàtì níyànjú pé kí wọ́n ní.

Bó bá wá kan ebu fúnra rẹ̀, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, ẹ̀ẹ́ kàn máa fọ́n irúgbìn rẹ̀ káàkiri yàrá ni. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ wá fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú oògùn apebu nù ún, kí ẹ sì ju aṣọ náà nù. Bílíìṣì tí ẹ bá da omi lù náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ọtí kíkan tàbí oògùn ìfọlé mìíràn láé, èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ dénú, ẹ wò ó bóyá àmì náà á padà, kí ẹ tó gbé ike ọ̀dà. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri tó kọjú síta.

Ẹ̀yin ayálégbé, òfin ti dìde fún yín. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025, òfin tí wọ́n fi orúkọ Awaab sọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilé káńsù àti ilé àwọn àjọ bíi ti Rochdale ní ilẹ̀ England. Bí ewu náà bá jẹ́ ti pàjáwìrì, wákàtí 24 ni wọ́n ní láti fi mú un kúrò. Bí ó bá jẹ́ ebu àti ọ̀rinrin tó lè ṣe ìlera ní ìjàǹbá, wọ́n gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, kí wọ́n kọ àbájáde rẹ̀ fún yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3 lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, kí wọ́n sì mú ewu náà kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Bí wọn kò bá lè ṣe é lákòókò, àwọn ló máa wá ibòmíràn tí ẹ máa gbé, àwọn ni wọ́n á sì sanwó rẹ̀. Ẹni tó háyà lọ́wọ́ onílé aládàáni náà kò wà láìní olùgbèjà: òfin ọdún 2018 sọ pé ilé gbọ́dọ̀ ṣeé gbé fún ọmọ èèyàn, káńsù sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó lè wá yẹ ilé náà wò bí ẹ bá pè wọ́n.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ ra ọ̀dà ní Saturday yìí, ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù yín kúrò lára ògiri. Bí ẹ bá bá ebu níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ̀wé sí onílé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Bí ọmọ bá ń wú ikọ́, ẹ sọ fún dókítà pé ebu wà nílé, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀dà lè dúró di oṣù kẹrin.