Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé náà ni a ó sì ti tún un ṣe.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti fi igi dáná rí ni ó mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, kí ẹ wò ó bí ìkòkò kò bá ní ṣubú. Ìlú náà ní ààrò mẹ́ta tirẹ̀. Èkíní ni àlàáfíà. Èkejì ni ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fi ara wọn jìn kí a lè ní àlàáfíà náà, èyíinì ni àwọn sójà wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àti opó àwọn tí kò bọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ni ọmọ: kí ó yó, kí ó láṣọ lára, kí ó sì jókòó sí ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìjọba nìkan ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, a kò sì ní yé bi í léèrè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ ti ilé, ti àdúgbò, àti ti ẹgbẹ́ Àsàláátù, tí gómìnà kankan kò lè bá wa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Àwa ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti Ọ̀tùn, ẹ̀bá ààlà ni a wà. Kwara ń bẹ lókè wa, Kogi ń bẹ ní ìhà ìlà-oòrùn wa. Ní oṣù May 2016, àwọn apànìyàn wọ Òkè-Akò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní oṣù August ọdún náà ni ìjọba Èkìtì ṣe òfin tí ó ká fífi màlúù jẹko káàkiri lọ́wọ́ kò. Ní ọjọ́ 29 oṣù January 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba wa lọ́nà ní agbègbè Ìkọ̀lé kan náà. Wọ́n pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Lọ́jọ́ náà gan-an, ní Èmùré-Èkìtì, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú ọkọ̀ tí ń gbé wọn lọ sílé. Oṣù February ni a tó rí wọn gbà padà.

N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí a lè rí bí ààrò kan ti ń fa èkejì ṣubú. Bí ẹ̀rù bá wọ oko, bàbá á fi ọ̀gbìn sílẹ̀. Bí oko bá di igbó, iṣu á gbówó lórí. Bí iṣu bá gbówó lórí, abọ́ ọmọ ni a kọ́kọ́ ń bù kù. Lẹ́yìn èyí, ìyá á gbé igbá lé ọmọbìnrin lórí kí ó kiri ọjà ní àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ọmọkùnrin á sì máa bá àwọn tí kò ní iṣẹ́ jókòó ní gáréèjì. Irú ọmọ báyìí ni ẹni ibi ń wá. Kì í wá ọmọ tí ó yó tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ díẹ̀ ni. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣírò nǹkan gbé ìwádìí kan jáde, pé ènìyàn mílíọ̀nù 133 ni ìṣẹ́ ń bá fínra ní Nàìjíríà. Kì í ṣe owó ọwọ́ nìkan ni wọ́n wò. Wọ́n wo oúnjẹ, omi, ìlera, ilé-ìwé àti ilé gbígbé. Nínú ọmọ 100, ó ju 67 lọ tí ó wà nínú ìṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, láti January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, òfin 2004 sì ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà kàwé fún ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò ra bàtà, kò ra ìwé, kò sì fi ẹ̀kọ sí ọmọ níkùn kí ó tó jáde láàárọ̀.

Ẹ óò bi mí pé, kí ni tálákà lè ṣe sí ọ̀rọ̀ tí ó tóbi tó báyìí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ìtàn gidi ni, kì í ṣe àlọ́.

Ní ayé ogun Hítílà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ìhà Índíà àti Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànì jà. Isaac Fadoyebo wà lára wọn. Ọmọ Èmùré-Ilé ni, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ìlú náà yàtọ̀ sí Èmùré-Èkìtì tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, bàbá rẹ̀ kò sì fọwọ́ sí i. Ìtọ́jú aláìsàn ni iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Ní oṣù March 1944, létí odò Kaladan, àwọn ará Jàpáànì yọ sí wọn lójijì. Ọta ìbọn fọ́ eegun itan rẹ̀, ó sì tún bà á níkùn. Òun àti ọmọ Sàró kan tí òun náà fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ṣẹ́kù sínú igbó, láìsí oúnjẹ, láìsí oògùn.

Àgbẹ̀ kan ní abúlé tí ó wà nítòsí, Mùsùlùmí tí ń jẹ́ Shuyiman, ni ó ṣàánú wọn. Ẹ rántí pé àwọn ará Jàpáànì ń rìn káàkiri ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá gbọ́, ikú ni fún òun àti àwọn ará ilé rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn, ó sì fi wọ́n pamọ́. Nígbẹ̀yìn ó gbé wọn wọ inú ilé ara rẹ̀. Bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní December 1944. Shuyiman kò mọ ibi tí Èmùré-Ilé wà. Onígbàgbọ́ ni Fadoyebo, èdè wọn kò sì pọ̀.

Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó di bàbá ọmọ. Kò gbàgbé. Ní 2011, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, bá a mú ìwé ìdúpẹ́ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ará ilé rẹ̀. Ní 2012 ni Fadoyebo náà jáde láyé. Àwọn ènìyàn Shuyiman ni ayé ń pè ní Rohingya. Láti August 2017, ó ju 700,000 nínú wọn lọ tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n sá lọ sí Bangladesh, ọmọ wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú wọn. Bí ààrò àlàáfíà bá yẹ̀, ọmọ ni iná ọbẹ̀ náà ń jó.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ohun tí Shuyiman ní lọ́wọ́. Kò ní oyè, kò ní ìbọn, kò ní owó. Oúnjẹ ilé rẹ̀ ni ó bù fún àlejò. Ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ àlàáfíà nìyẹn, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó sì ti jáde.

Àwa ńkọ́, báwo ni à ń ṣe sí àwọn sójà tiwa? Lọ́dọọdún ní ọjọ́ 15 January ni a máa ń rántí wọn, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ní Adó-Èkìtì a fi orúkọ Adékúnlé Fájuyì pe gbàgede kan, ọmọ wa tí a pa ní July 1966 pẹ̀lú àlejò rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òdòdó ọjọ́ kan kò lè bọ́ opó fún ọjọ́ 364 tí ó kù. Ní December 2024, àwọn ológun tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lọ dúró sí iwájú ilé-iṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá láti béèrè owó tí ìjọba jẹ wọ́n. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi béèrè, wọn kò gbé ìbọn. Ẹni tí ó mọ ogun ni ó mọ iyì àlàáfíà.

Ohun kan wà níbí tí ó kan ẹ̀yin obìnrin gan-an. Níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, ìwé yìgì ń gba ọwọ́ mi kọjá. Mo ti rí opó sójà tí ó wá béèrè ìwé yìgì tí ẹnikẹ́ni kò kọ ní ọjọ́ tí a so yìgì rẹ̀. Ààfáà tí ó so ó ti kú, ẹlẹ́rìí kan ti kú, èkejì ti lọ sí ìdálẹ̀. Ìjọba kì í wo ojú ẹkún; orúkọ tí ọkọ kọ sílẹ̀ pé kí a san owó fún, àti ìwé tí ó jẹ́rìí sí i, ni wọ́n ń wò. Bí ọkọ bá ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó tó gbé ìyàwó, tí kò sì yí i padà, ọ̀nà ọ̀fọ̀ ni ọmọ rẹ̀ yóò gbà dé inú ìṣẹ́.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ Àsàláátù láti Ìdó dé Òkè-Akò ṣe nǹkan mẹ́ta yìí.

Èkíní, ẹ ka ilé. Ẹ kọ orúkọ gbogbo sójà tí ó ti fẹ̀yìn tì àti gbogbo opó sójà ní àdúgbò yín, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe onígbàgbọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ìwé yìgì, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, àti orúkọ tí ọkọ kọ sílẹ̀. Èyí tí kò bá sí, kí a tètè wá a nígbà tí ẹlẹ́rìí ṣì wà láyé.

Èkejì, ẹ so ọmọ mọ́ ilé-ìwé. Ẹ óò ní ẹ kò lówó. Bí obìnrin 40 bá dá ₦200 lọ́sẹ̀, ₦8,000 ni. Ní ọ̀sẹ̀ 13, ó di ₦104,000. Yóò ra ìwé àti bàtà fún ọmọ mélòó kan, láìsọ orúkọ wọn ní gbangba. Àwọn tí sàká tọ́ sí lára wa, kí wọ́n rántí pé aláìní ni Alùkùránì kọ́kọ́ kà nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí ó ni ín. Ọmọ òrukàn ni Ànábì wa fúnra rẹ̀, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ ẹnu, kí ẹ sì la ojú. Ìyá Fúlàní tí ń ta wàrà fún yín lọ́jà, ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ ilé rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń da màlúù ni ọ̀daràn, òun náà sì lè kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹni ibi nínú igbó. Bí ìròyìn bá dé pé wọ́n ń bọ̀, ẹ má fọ́n ọn káàkiri kí ẹ tó wádìí. Ẹ gbé e lọ bá ọba, ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn. Kí ìmáàmù àti pásítọ̀ sì pe sójà àgbà wá sí ìpàdé ìlú, nítorí ó mọ bí a ti ń ṣọ́ ọ̀nà ju àwa lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Jímọ̀ tí ń bọ̀ yìí, kí ẹ fi ìwé kan àti gègé kan bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ ilẹ̀ wa, kí ó dáàbò bo àwọn tí ń ṣọ́ wa lóru, kí ó má jẹ́ kí ọmọ wa tọrọ jẹ. Àmín.