Owó Oníférémù

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. Òtítọ́ a máa korò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e mì.

Ẹ ó rántí pé ẹ̀ka wa ti pinnu láti máa fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ̀yìn tì ní ẹ̀bùn ìrántí. Aago ni a máa ń rà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aago wọ̀nyẹn kì í lò tó ọdún kan kí wọ́n tó kú sára ògiri. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a máa fún wọn ní táìsì tí a ya àwòrán òkè Olósùnta sí, kí a sì fi férémù igi tí a fi ọwọ́ gbẹ́ yí i ká, kí onítọ̀hún lè gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ sí i. Ìgbà tí káfíńtà dárúkọ owó ni ọ̀rọ̀ dàrú. Ó ní ₦9,000 ni férémù kan, àti igi àti iṣẹ́. Ariwo ta. Ẹnìkan ní, "Igi mẹ́rin péré! Kí ló wà níbẹ̀?" Ẹlòmíràn ní kí a fún un ní ₦5,000, bí kò bá gbà á kí ó máa lọ, káfíńtà pọ̀ nígboro. Ó kù díẹ̀ kí gbogbo ilé fọwọ́ sí i. Alága ló ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìpàdé tí ń bọ̀.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, a kò sì lanu sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a délé ni ìtìjú mú wa, nítorí pé a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. "Kí ló wà níbẹ̀?" ni agbanisíṣẹ́ máa ń wí nígbà tí a bá béèrè àfikún owó. "Bí wọn kò bá gbà á kí wọ́n máa lọ, àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ níta." Ọ̀rọ̀ tó ń bí wa nínú títí a fi ń yanṣẹ́ lódì ni àwa náà wá ń sọ sí ọmọ iṣẹ́ ọwọ́.

Nítorí náà a dìde, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà náà láti wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ròyìn rẹ̀ fún yín.

Èkíní, igi. Igi tútù kò ṣeé fi ṣe férémù. Bí wọ́n bá ti kó pákó dé láti ibi tí wọ́n ti ń la igi, wọn a tò ó léra lábẹ́ àtíbàbà, wọn a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, ó sì di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Owó káfíńtà ni ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Bí igi bá sì ń gbẹ, ìbú rẹ̀ ló ń sunkì. Òró rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkì rárá. Táìsì ní tirẹ̀ kì í sunkì, amọ̀ tí iná ti jó ni. Igi á máa yí padà bí òjò àti ọyẹ́ ti ń dé, táìsì kò ní yí padà, nítorí náà kò yẹ kí a fún igi mọ́ táìsì pinpin. Ìdí nìyí tí káfíńtà fi ń gbẹ́ inú férémù sílẹ̀, tí ó ń fi àyè tí kò ju sísanra páálí lọ sílẹ̀ yí táìsì ká, tí ó sì ń fi etí igi bo àyè náà lójú.

Èkejì, igun. Ó ń gé orí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní dídagun kí wọ́n lè pàdé ní méjì méjì. Bí gígé kan bá yẹ̀ bí ìbú irun orí, igun tó kẹ́yìn kò ní pàdé. Bí igi náà kò bá sì gbẹ tó, inú igun ni yóò kọ́kọ́ lanu nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Àtè nìkan kò sì lè di igun mú, nítorí pé àtè kì í mú orí igi bí ó ti ń mú ẹ̀gbẹ́ igi. Nítorí náà ó tún ń fi ayùn la igun kọ̀ọ̀kan, ó ń ti igi pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́ láti so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ èyí dáadáa: ẹrù tí a kò dì dáadáa, kòtò àkọ́kọ́ ló ti máa tú. Táìsì wúwo. Bí igun bá tú lórí ògiri, ilẹ̀ ni ẹ̀bùn ọdún 30 ń lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọnà sára rẹ̀, tí ó ń fi sáńpépà dán an, tí ó ń kùn ún. Ọjọ́ méjì gbáko ni iṣẹ́ ọwọ́ orí férémù kan, láìka ọjọ́ tí igi fi ń gbẹ àti òru tí àtè fi ń mú.

Ìkẹ́rẹ́ tí a wà yìí ló tilẹ̀ yẹ kí ó mọ iyì iṣẹ́ igi ju ìlú mìíràn lọ. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ará Ìsẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà. Ilẹ̀kùn náà rí bí ìgbà tí a to táìsì aláwòrán léra. Àwòrán kan jókòó lórí èkejì, etí tó pààlà sáàárín wọn sì ni férémù wọn, àfi pé inú pákó ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá yìí ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde. Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ ní apá kan. Ní apá kejì, wọ́n fi àga gbé òyìnbó Ambrose, ajẹ́lẹ̀ tó wá kí ọba, wọlé. Ẹ sì wo ohun tó tún wà níbẹ̀: àwọn alárù tó ru ẹrù òyìnbó. Ọlọ́wẹ̀ kò gbàgbé ẹni tó ru ẹrù. Òṣìṣẹ́ ìrìnnà bí tiwa wà lára ilẹ̀kùn ọba.

Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò gbà láti tà á. Ìgbà tí wọ́n gbà láti ṣe ìtẹ́ kan fún un nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tó yọ̀ǹda rẹ̀ ní pàṣípààrọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì wà títí di òní. Ọba kò wí pé, "Pákó lásán ni, kí ló wà níbẹ̀?" Ìtẹ́ ọba ni ó fi díwọ̀n iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn èrò tó ń wò ó ní Wembley kò mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n yin iṣẹ́, wọn kò mọ òṣìṣẹ́. Ilé ni wọn kò ti gbàgbé. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, lẹ́yìn 50 ọdún gééré, ìyàwó rẹ̀, Olójú-ifun, ṣì ń ki oríkì rẹ̀ ní Ìsẹ̀, òyìnbó onímọ̀ kan, John Pemberton, sì gbà á sílẹ̀. Ní 1998, iléeṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Washington ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ₦5,000 tí a fẹ́ san. Ní 1981, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì tí Hassan Sunmonu ṣáájú wa ṣe, òfin owó oṣù tó kéré jù jáde, ₦125 ni nígbà náà. Láti 2024, ₦70,000 ni. Bí a bá pín ₦70,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó lé díẹ̀ ní ₦2,690 lóòjọ́. Ọjọ́ méjì á jẹ́ nǹkan bí ₦5,380. A jẹ́ pé ₦5,000 tí a fẹ́ fún káfíńtà kò tilẹ̀ tó owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù nínú òfin, a kò sì tíì san owó igi, owó àtè, owó ìkùn àti owó ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnìkan lè ní kí òfin gbà á là. Òfin kò kàn án. Òfin 2019 kò mú ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25, kò sì mú ẹni tí a ń sanwó fún ní iye ohun tó bá ṣe. Káfíńtà tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùrẹ́, kò ní òfin kankan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ àfi ẹ̀rí ọkàn ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

A gbọ́ ohun tí akápò wí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó ẹgbẹ́, òógùn wa ni. Kò yẹ kí a máa ná an bí ẹni ń fọ́n ọkà. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá tó, ọ̀nà wà láti dín in kù láìjẹ owó ẹlẹ́gbẹ́ wa. A lè ní kí ó ṣe férémù láìgbẹ́ ọnà sí i, ọjọ́ tí yóò fi ṣe é á dín kù, owó á sì dín kù. A lè ra férémù rọ́bà lọ́jà, kí a sì gbà pé rọ́bà ni a rà. Ohun tí kò dára ni pé kí a gba iṣẹ́ ọjọ́ méjì, kí a san ti ọjọ́ kan, kí a tún lọ kọrin ìjà òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni a ó gbé kalẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí a san ₦9,000 tí káfíńtà pè, tàbí kí a bá a jókòó ka ọjọ́ iṣẹ́ àti owó igi níṣojú gbogbo ènìyàn. Kí a san ìdajì ṣáájú, kí ó má baà jẹ́ pé owó oúnjẹ ilé rẹ̀ ni yóò fi ra igi wa. Kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn férémù kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ orúkọ ẹni tó fẹ̀yìn tì àti ti ẹni tó ya àwòrán.

Awakọ̀ kan nínú wa ni yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn yìí. Ọdún 31 ni ó fi wa ọkọ̀, a sì mọ iye ìgbà tí wọ́n jẹ owó àfikún iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá gbé Olósùnta kọ́ sí ògiri pálọ̀ rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé owó òṣìṣẹ́ mìíràn tí a jẹ mọ́lẹ̀ ni a fi yí i ká.

Ẹ wá sí ìpàdé o. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹni mẹ́fà.