Irin Tuntun Kì Í Di Ìpáàrà Mú

Ní ìgbà yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn, tí a kì í sì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tricycle. Inú ìwé kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ilé iṣẹ́ ajórin kan ní Manigri ni a ti bá a pàdé, níbi tí a kó àwọn bẹ́ǹṣì ilé ìwé tí ẹsẹ̀ wọn ti kán lọ fún àtúnṣe.

Oṣù kejì ọdún ni, nígbà tí kajú ti ń pọ́n. Bí a ti jókòó sí ìbòòji, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. A mọ̀ ọ́n; ó ti jókòó níwájú wa ní kíláàsì rí. Kẹ̀kẹ́ náà kò tíì di tirẹ̀: ẹlòmíràn ló rà á, òun sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ sí apá òsì, àpótí ẹrù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan táyà. Ó ní kí ọ̀gá lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ibi tó sán, kí òun lè padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpò kajú ń dúró de òun lóko, àwọn ìyá tó ni ín yóò sì gun orí àpò náà bọ̀ wá sọ́jà.

Ọ̀gá ajórin náà kò dá a lóhùn. Ó mú òòlù kékeré, ó wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin láti iwájú lọ sẹ́yìn. Níwájú, irin ń dún kangó, kangó. Nígbà tí òòlù kọjá ìjókòó awakọ̀, ohùn rẹ̀ yí padà: ó ń dún bù, bù, bí ìgbà tí a ń lu akèrègbè tó ti jẹrà. Ọ̀gá mú irin ṣóńṣó kan, ó fi gún ibi tí ọ̀dà ṣì ti ń dán, irin náà sì wọlé bí ẹni fi ìka ti ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù.

“Ọmọ mi, ibi tó sán yìí nìkan kọ́ ni àrùn wà. Gbogbo eegun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yìí ló ti kú. A ó gé e kúrò, a ó fi ọ̀pá tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ná. Bí kajú bá tán, n ó mú un padà wá.”

“Bí mo bá lẹ̀ ẹ́, kí ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́?”

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀yìn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni a kọ́kọ́ wà. Ọjọ́ mẹ́ta láìṣiṣẹ́ ní àsìkò kajú, ìyà ńlá ni fún ẹni tó ń jẹ gbèsè. A bá a bẹ ọ̀gá. Ọ̀gá wò wá, ó ní: “Olùkọ́, ta ni yóò jókòó lórí àpò náà?” A dákẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ìpáàrà kọ́kọ́ ń jẹ? Nígbà tí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé, irin yóò dógùn-ún. A ń kọ́ ọ ní ilé ìwé lábẹ́ orúkọ oxydation, ṣùgbọ́n abẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù ló ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn. Táyà ẹ̀yìn a máa ta ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà oko sára irin, ẹrẹ̀ náà a sì di omi mú fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Ajílẹ̀ òyìnbó tí a ń kó lọ sóko ní iyọ̀ nínú; bí àpò rẹ̀ bá ya, tí ó sì dà sí kọ̀rọ̀ irin, omi tó bá kàn án a máa jẹ irin kíákíá ju omi òjò lásán lọ. Èyí tó tún burú ni pé irin náà ní ihò nínú: omi a gba ojú bọ́ọ̀tù wọlé, kì í sì í rí ọ̀nà jáde. Ìpáàrà gan-an kì í sì í dúró lójú kan. Àyè tí ó ń gbà ju àyè irin tó jẹ lọ. Nítorí náà a máa wú, a máa ti ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀ ya, omi mìíràn a sì tún wọlé. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ọ̀dà ìta lè máa dán nígbà tí inú ti di erùpẹ̀.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé: bí ihò inú irin bá ń gba omi, kí ló dé tí a kò fi irin tó kún inú ṣe é? Ọparun ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Ihò ni inú rẹ̀, síbẹ̀ a ń fi ṣe àjà, a sì ń gùn ún. Nígbà tí ẹrù bá tẹ ọ̀pá kan, apá òkè rẹ̀ ni ó ń fún pọ̀, apá ìsàlẹ̀ ni ó ń fà. Àárín kò ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Bí a bá mú irin àárín kúrò, tí a sì fi í ṣe awọ ọ̀pá tó tóbi sí i, ọ̀pá náà yóò le sí i láìwúwo sí i.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá náà mọ èyí láìka ìwé. Ọ̀kan nínú wọn fi fóònù rẹ̀ han wá, ó ní kí a wo ọkọ̀ aṣálẹ̀ kan, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní buggy: bí ẹni pé ọ̀pá irin oníhò nìkan ni wọ́n fi so ó pọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Jean-Louis Schlesser, ará Faransé, kọ́ fúnra rẹ̀, tó sì fi gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje Dakar ní ọdún 1999 àti ní ọdún 2000. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1964, Bruce Meyers ní California ní Amẹ́ríkà ti ṣe Meyers Manx, ọkọ̀ kékeré tó ń fi ẹ́ńjìnnì Volkswagen sáré lórí iyanrìn etí òkun. Àwọn tó ní irú ọkọ̀ wọ̀nyí mọ ìṣòro wa dáadáa. Iyọ̀ òkun àti ẹrẹ̀ a máa jẹ eegun ẹ̀yìn tó gbé ẹ́ńjìnnì ró, àtúnṣe wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa: wọ́n á gé ibi tó jẹrà, wọ́n á fi ọ̀pá oníhò tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ tí kò ní láárí ni a ń ṣe lábẹ́ ibòji Manigri.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ti lọ. Wọ́n kọ́kọ́ tú okùn bátìrì, wọ́n sì yọ táńkì epo kúrò, wọ́n gbé e jìnnà, nítorí iná ajórin àti èéfín epo kì í gbé pọ̀. Wọ́n sọ ẹrù àti àpótí kalẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lé orí búlọ́ọ̀kù kí ó lè dúró gbọọrọ. Kí ọ̀gá tó gé ohunkóhun, ó fi irin gígùn méjì jó iwájú mọ́ ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, bí a ti ń fi igi di ẹsẹ̀ tó dá, kí eegun náà má baà yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan mú okùn, ó wọ̀n ọ́n láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn, ó ta á ní kókó. Ó tún wọn ìdábùú kejì. Àwa ní, “Les diagonales.” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín: “Àwa ń pè é ní okùn ìdábùú.” Bí okùn méjèèjì bá gùn bákan náà, a jẹ́ pé igun kò yẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n gé e. Apá ọ̀tún, tí gbogbo wa rò pé ó sàn, ni ó yà wá lẹ́nu jù. Bí ayùn iná ti la irin náà, erùpẹ̀ pupa dà jáde, ó tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Awọ irin tó kù kò nípọn ju agolo lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, kò sì tún sọ̀rọ̀ nípa irin pẹlẹbẹ mọ́. Ọ̀gá ń gé e lọ, títí ó fi dé ibi tí irin ti mọ́ tó sì nípọn. Ibẹ̀ ni ó ti dúró. Ó ní iná a máa jó irin rere mọ́ irin rere. Bí ó bá kan ìpáàrà, ihò ni yóò dá sí i.

Ọ̀pá tuntun tí ó yàn tóbi bákan náà bí ti àtijọ́, awọ rẹ̀ kò sì fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti mú ọ̀pá ẹ̀rọ omi kan wá, irú èyí tí wọ́n fi zinc bò, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀gá kọ̀ ọ́. Zinc a máa di èéfín funfun nínú iná. Ẹni tó bá fà á símú lè máa gbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí ibà mú. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó fi ọ̀pá kúkúrú kan, tó ṣe rẹ́gí, sínú àtijọ́ àti tuntun kí wọ́n tó fi ẹnu kan ara wọn, kí ojú ìjó má baà dá gbé ẹrù. Ó gé ẹnu wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọ̀pá kan ti ń fi ẹnu gún ẹ̀gbẹ́ òmíràn, ó gé e kí ó lè gbá a mọ́ra. Àwọn ajórin Faransé ń pè é ní ẹnu ìkookò, gueule de loup, ọ̀gá wa sì ń pè é ní ẹnu ẹja. Ó kọ́kọ́ fi iná kan án ní ibi mẹ́rin péré, ó sì tún na okùn ìdábùú. Ó fi ìbú ìka kan yàtọ̀. Kò bínú, kò sì gbójú fò ó: ó já méjì nínú ibi mẹ́rin náà, ó fà á bọ̀ sípò, ó tún un kàn. Lẹ́yìn èyí ni ó ń jó o díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, nítorí iná a máa fa irin wọ́. Nígbà tí ó tutù, wọ́n ha èèpá rẹ̀ kúrò, wọ́n da òróró sínú ọ̀pá, wọ́n dí ẹnu rẹ̀, wọ́n fi ihò kékeré kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá fún omi, wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Iṣẹ́ irin kì í ṣe àlejò ní agbègbè wa. Ní Bassar àti ní Bandjéli, ní òdìkejì ààlà ní Togo, àwọn baba ńlá ń yọ irin láti inú òkúta nínú ìléru amọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí irin òyìnbó tó dé. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ta kókó sí okùn yẹn ń múra fún ìdánwò ìwé-ẹ̀rí CQM. A ti ṣèlérí láti bá a ka ìwé lálẹ́. Òun náà ti ṣèlérí láti kọ́ wa bí a ti ń gbọ́ ohùn irin. A kò mọ ẹni tí yóò jèrè jù nínú wa.

A kò ní tàn yín pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúpẹ́. Ó san ìdajì owó, ó jẹ ìdajì, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ sì gba owó ọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìdín kọ́bọ̀. Ó ká ojú kó lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a rí i lójú ọ̀nà láàárín Manigri àti Bassila. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ dúró gbọọrọ, ìyá mẹ́ta jókòó lórí àpò, ọ̀kan nínú wọn pọn ọmọ. Ó fọn fèrè kí wa, ó sì kọjá.

Ẹ̀yin tó ní kẹ̀kẹ́, kí òjò tó wọlé, ẹ mú òòlù, ẹ kan eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sì fetí sílẹ̀. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ajílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń gun orí àpò, bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sí apá kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì béèrè. Ẹ kú ìmúra òjò. Ó di ìgbà mìíràn.