Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Ogun Ńlá Kọjá Wa

Ìrẹsì, wáìnì, ẹ̀rọ amúlétutù, táyà: díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ń tà ní àdúgbò Zone 4 l'Ábíjàn ni kò gba ẹnu omi Vridi wọlé. Àwa Ànàgó tí à ń ṣòwò níbẹ̀ náà, ẹnu omi yẹn là ń jẹ. Ọkọ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà la nílò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń rọ ìjọba Côte d'Ivoire pé ó tó àsìkò láti ra ọkọ̀ ogun ràgàjì, mo ní kí ìjọba kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní 2020, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Constellation. Àwòrán ọkọ̀ FREMM ti Ítálì, tó ti ń rìn lórí òkun, ni wọ́n ní àwọn máa lò, kí owó má baà pọ̀, kí iṣẹ́ sì yá. Ni àwọn ọ̀gá ológun bá bẹ̀rẹ̀: ẹ fi tibí kún un, ẹ fà á gùn sí i. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún tó yẹ kó bá ti Ítálì mu já wálẹ̀, kò tó 15 mọ́. Wọ́n ti ń jó irin pọ̀ kí àwòrán tó parí. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kó dé ní 2026 di ti 2029. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀ àfi méjì àkọ́kọ́. Amẹ́ríkà tó lówó nìyẹn o!

Ọkọ̀ ogun Aradu ti Nàìjíríà ńkọ́? Jámánì ló kọ́ ọ, 1982 ló wọṣẹ́, orí gbogbo wa wú. Nígbà tí owó àtúnṣe wọ́n, ó so mọ́ èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iyọ̀ òkun kì í sinmi lára irin, ẹ̀rọ tí a kò tan á sì gan pa. Iye tí wọ́n ń kéde lọ́jọ́ àdéhùn, ìbẹ̀rẹ̀ ìnáwó ni.

Lẹ́yìn ogun 2011, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ ọmọ ogun ojú omi Côte d'Ivoire. Ọkọ̀ ìṣọ́ oní mítà 33 ni wọ́n lọ rà ní ilẹ̀ Faransé: L'Émergence dé ní 2014, Le Bouclier àti Sékongo tẹ̀ lé e. Àwòrán kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹ́káníìkì tó bá mọ ọ̀kan ti mọ ìyókù. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, mo sì gbóríyìn fún wọn.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ kékeré kò lè rìn jìnnà. Lóòótọ́, ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ agbépo MT Maximus ní omi Abidjan, ìhà São Tomé ni ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà ti gbà á padà. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe rí i mú? Orílẹ̀-èdè kan ń ta èkejì lólobó láti omi dé omi. NNS Okpabana tó wà nínú àwọn tó ń lé e, àlòkù Amẹ́ríkà ni, láti 1968 ló ti ń ṣiṣẹ́.

Kí ìjọba kó owó ọkọ̀ ńlá lọ ra dísù àti ẹ̀yà ẹ̀rọ sí Locodjro, ibùdó ọmọ ogun ojú omi. Kí àwọn aṣòfin béèrè ibi tí owó àtúnṣe ọdún mẹ́wàá yóò ti wá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ọkọ̀ tuntun kankan. Ọ̀gá tó bá sì fẹ́ yí àwòrán padà lẹ́yìn àdéhùn, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó wá dúró níwájú wọn, kó sọ iye tí yóò ná wa.