Kì í Ṣe Gbogbo Ìsọkúsọ Ni Wèrè

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé bá ń sùn lọ́sàn-án, tí kò sùn lóru, tí ó ń ṣìnà nínú ilé ara rẹ̀, tí ọwọ́ tí ó nà síwájú sì ń jù bí apá ẹyẹ, ẹ má tíì pariwo pé ayé ni. Ẹ bèèrè ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ná.

Inú ìfun ni oró kan tí ń jẹ́ amóníà ti ń jáde lára oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí a ń tọ̀ dànù. Bí àrùn tàbí ọtí bá ti ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, oró náà yóò bá ẹ̀jẹ̀ gun ọpọlọ, pàápàá bí ìgbẹ́ kò bá yà.

Àwọn tí ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní oògùn oorun kí ilé lè tòrò ni ó ń bí mi nínú. Ó lè ṣàì jí mọ́! Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ọtí pamọ́ fún dókítà. Oògùn olómi dídùn kan wà, lactulose, tí ń mú aláìsàn yàgbẹ́ ní ìgbà 2 tàbí 3 lójúmọ́, kí oró náà lè jáde. Mo mọ̀ pé àgbà kì í fẹ́ kí ọmọ máa ka iye ìgbà tí òun lọ sí ilé ìgbẹ́. Ẹ ṣáà máa kà á.