Ta Ni Yóò Ṣe Kílíìpù Ojú Irin Wa?

Irin kékeré kan wà tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀, ọwọ́ kan gbà á. Kílíìpù ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di irin rélùwéè mọ́ kọnkéré tó sùn sábẹ́ rẹ̀, kí irin má baà yẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré kọjá. Òun náà ni àwọn olè máa ń tú lójú irin Àbújá sí Kàdúná àti Warri sí Itakpe, tí wọ́n ń lọ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn gùn tó kìlómítà 157. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, nítorí náà ó di 314. Tí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 60 sáàárín kọnkéré kan sí èkejì, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe, kọnkéré bíi 1,660 ló máa wà nínú kìlómítà kan. Kílíìpù mẹ́rin ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì lọ, lórí ojú irin kan ṣoṣo. Ó ń gbó, ó ń ṣẹ́, wọ́n ń jí i, a ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn.

Mílíọ̀nù méjì! Oníṣẹ́ irin wo ni kò ní fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ẹ ní kí ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ ní Nnewi tàbí Ọ̀tà lọ wá ìwé tó sọ irú irin tí wọ́n fi ń ṣe é, bó ṣe gbọ́dọ̀ le tó, àyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ yege àti iye tí wọ́n máa rà lọ́dún. Ẹ wo ibi tó máa já sí. Yóò máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, títí tí yóò fi padà sídìí páàtì ọ̀kadà tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ní ká lo ti abẹ́lé, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń kà sí wa létí. Ta ló lè mú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sídìí ẹ̀rọ kó fi ṣe nǹkan? Ẹnikẹ́ni ò lè ṣe ohun tí wọn ò júwe fún un. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àkójọ páàtì síta ní gbangba, pẹ̀lú àwòrán àti ìwọ̀n, ká tó wá sọ̀rọ̀ ìdá.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì yé àwa oníkóòdù dáadáa. Tí báǹkì kan bá fẹ́ kí áàpù mi máa bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ó máa kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí mo máa fi ránṣẹ́ rèé, bó ṣe gbọ́dọ̀ rí rèé, èsì tí mo máa rí gbà rèé. Ó tún máa fún mi níbi tí mo ti lè dán an wò láì fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún méjìlélógún tó wà nínú yàrá rẹ̀ ní Yábàá fi lè ṣe iṣẹ́ tí báǹkì ńlá máa lò. Kò mọ ọ̀gá kankan níbẹ̀. Ìwé ló kà. Ìwé wo ni rélùwéè wa gbé síta fún ọmọ alágbẹ̀dẹ láti kà?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé àṣẹ ni kò sí. Ní 2018, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Executive Order 5, tó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa fi ti ọmọ Nàìjíríà ṣáájú nínú kọ́ńtíráàtì. Ní 2025, ìjọba Tinúbú tún fọwọ́ sí ètò Nigeria First. Ní 2019, wọ́n ti fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n máa ti to wáágọ̀nù lélẹ̀ ní Kájọlà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo rẹ̀ dára. Àmọ́ ká to wáágọ̀nù yàtọ̀ sí ká ṣe páàtì rẹ̀. Ẹni tó ra búrẹ́dì tó fi bọ́tà pa á kò lè pe ara rẹ̀ ní oníbúrẹ́dì.

Wọ́n á ní, "Owó Ṣáínà ni, àwọn ló ń pàṣẹ." Lóòótọ́, China Exim Bank ló yá wa ju bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ fún Èkó sí Ìbàdàn. Àmọ́ ìlànà tí báǹkì yẹn máa ń lò fún irú owó ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ni pé, ó kéré tán, ìdajì ọjà gbọ́dọ̀ ti Ṣáínà wá. Ìdajì tó kù ńkọ́? Ta ló sọ nídìí tábìlì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán àga, wáyà, rọ́bà àti kílíìpù sínú àdéhùn"? Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbèsè máa tán. Páàtì ò ní yéé bàjẹ́.

Àwọn mìíràn á ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni o, ẹ má fi páàtì ayédèrú sábẹ́ ọkọ̀ tó kún fún èèyàn." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kílíìpù kì í ṣe irin lásán. Irin síríǹgì ni. Wọ́n á yan án nínú iná, wọ́n á rì í sínú òróró, wọ́n á tún un yan, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mílíọ̀nù mélòó kan láti mọ̀ bóyá yóò ṣẹ́. Àga inú ọkọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ yege àyẹ̀wò iná. Ìdí gan-an tí a fi nílò ilé àyẹ̀wò nìyẹn. SON ní tiwọn ní Ògbà l'Ékòó. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò rélùwéè kún un. Ká sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn: àga, irin ìdìmú, ọ̀dà. Wáyà àti rọ́bà á tẹ̀lé e, kílíìpù lẹ́yìn náà, bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kó gbẹ̀yìn.

Ẹ wo Gúúsù Áfíríkà. Ní 2013, PRASA bá Gibela, tí Alstom ṣe olórí rẹ̀, ṣe àdéhùn ọkọ̀ 600. Ogún àkọ́kọ́ ti Brazil wá. Ìyókù, wọ́n ní Dunnottar, nítòsí Johannesburg, ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe é, kí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ti abẹ́lé. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wà nílẹ̀, oníṣẹ́ àga tó ra ẹ̀rọ tuntun mọ̀ pé owó òun á padà wá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MEP, tó ní ẹ̀ka ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50. Tí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun ò rí ẹni tó ń ṣe páàtì kan, wọ́n á gba àlàyé páàtì náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì bá a wá ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe é.

A ò lè ra ọkọ̀ 600, mo mọ̀. L'Ékòó, ọkọ̀ Blue Line ti Ṣáínà wá, ti Red Line jẹ́ Talgo tí wọ́n rà ní Milwaukee ní 2022. Nídìí àtúnṣe ni ọjà tiwa wà, ọjà tí kì í tán.

Àwa náà sì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Òfin epo rọ̀bì ti 2010 to iṣẹ́ àti ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìdá síwájú ìkọ̀ọ̀kan, ó dá NCDMB sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa yọ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó kọ́ńtíráàtì sínú àpò tí wọ́n á fi ran ilé-iṣẹ́ abẹ́lé lọ́wọ́. Kí ló dé tí rélùwéè ò fi lè ní tiẹ̀? Àkójọ páàtì, ilé àyẹ̀wò, iṣẹ́ kékeré fún ẹni tó bá yege, owó tí kì í pẹ́ kó tó jáde. Mẹ́rin péré.

Mi ò ní kí wọ́n fòfin de páàtì òkèèrè o. Tí ọkọ̀ bá dúró sí Papalanto nítorí pé kò sí páàtì, èrò inú ọkọ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Kò sì dìgbà tí Àbújá bá jí. Láti 2023 tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, ìpínlẹ̀ náà lágbára lórí rélùwéè. Èkó lè gbé àkójọ tirẹ̀ síta lọ́la.

Nígbà tí wọ́n bá tún gbé fọ́tò jáde, tí àwọn ọ̀gá ń bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí kọ́ńtíráàtì tuntun, ẹ má bi wọ́n pé ìdá mélòó. Ẹ bi wọ́n pé: àkójọ páàtì dà?